Róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà oní-rimóòtù: ẹ bá mi wo àwọn ohun èlò yìí kí n tó rà wọ́n

AláǹtakùnIrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọkọ̀ kékeré oní-rimóòtù méjì ni mo ti tò rí, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó ń rìn ni mo fẹ́ ṣe báyìí, tí yóò máa gbé ẹsẹ̀ bí aláǹtakùn, tí n óò dúró lókèèrè tí n óò máa darí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni mí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lè ra àwọn nǹkan wọ̀nyí, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé. Ẹsẹ̀ mẹ́fà, oríkèé mẹ́ta lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ìbàdí tó ń yí síwájú sẹ́yìn, itan tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, àti orúnkún. Servo 18 nìyẹn (mọ́tò kékeré tó ń yí dé igun tí a bá pàṣẹ fún un), irú tó ń jẹ́ MG996R ni gbogbo wọn. Itan yóò gùn ní 8 cm, ojúgun ní 12 cm. Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré, ni ọpọlọ rẹ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù PCA9685 kan tí yóò máa pàṣẹ fún àwọn servo. Bátìrì LiPo 2S (sẹ́ẹ̀lì méjì), 2200 mAh. LM2596 kan, ẹ̀rọ aṣẹ́fóltì tó ń dín fóltì kù, ni yóò sọ iná bátìrì di 6 V. Ike PLA ni n óò fi tẹ gbogbo ara rẹ̀ lórí ẹ̀rọ 3D. Rimóòtù FlySky FS-i6 tí mo fi ń darí ọkọ̀ mi náà ni n óò lò.

Mo ṣírò ìwúwo rẹ̀. Servo kan jẹ́ 55 g, 18 rẹ̀ jẹ́ 990 g. Bátìrì bí 120 g, ara àti ẹsẹ̀ bí 600 g, wáyà, síkúrúù àti àwọn bọ́ọ̀dù bí 300 g. Kò ní ju 2 kg àti díẹ̀ lọ. Ìwé MG996R sọ pé ó ní agbára ìyí 11 kg·cm ní 6 V, 18 ló sì wà. Lójú tèmi agbára ti ṣẹ́ kù. Ṣé mo tọ̀nà?

Ẹsẹ̀Mẹ́rin

O káre tí o kọ ìwúwo sílẹ̀ kí o tó ra nǹkan. Ṣùgbọ́n má ṣe pa agbára servo 18 pọ̀. Servo ìbàdí kì í gbé ẹrù, ó kàn ń ti ẹsẹ̀ síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn ni. Itan ló ru ẹrù. Nígbà tí róbọ́ọ̀tì bá sì ń rìn, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀, mẹ́ta yòókù wà lókè.

Fojú inú wò ó: ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn lápá òsì wà nílẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àárín lápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pín 2 kg sọ́nà mẹ́ta, wọ́n á ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé 670 g. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ló jọ gbé apá òsì, ẹyọ kan ṣoṣo ló dá gbé apá ọ̀tún. Ìdajì ara róbọ́ọ̀tì ló wà lórí ẹsẹ̀ àárín yẹn, 1 kg gbáko.

Agbára ìyí tí servo itan gbọ́dọ̀ ní ni ìwúwo tó wà lórí ẹsẹ̀ náà ní ìlọ́po bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe jìnnà sí oríkèé itan, tí a bá wọn jíjìnnà yẹn lórí ilẹ̀. Tí itan bá nà gbalaja tí ojúgun sì dúró ṣánṣán, 8 cm ni. 1 kg ní ìlọ́po 8 cm jẹ́ 8 kg·cm. Tí ẹsẹ̀ bá wá nà síta ní 4 cm sí i nígbà tó ń yí padà, ó di 12 kg·cm, servo rẹ kò sì ní in.

Ohun kan tún wà nípa 11 yẹn. Ibi tí servo ti há pátápátá, tí kò lè yí mọ́, tó kàn ń mu iná tó ń gbóná, ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn 11. Kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Èmi kì í jẹ́ kí servo itan kọjá ìdajì nọ́ńbà tó wà nínú ìwé rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ló sì tẹ́ mi lọ́rùn jù. Gé itan kúrú. Gígùn ojúgun kò dí ọ lọ́wọ́ tó bá ti dúró ṣánṣán.

Mo mọ̀ pé ìwọ yóò bi mí pé ṣé kí o ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, torí pé servo 12 ló ń gbà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́ràn, mo sì ti ṣe mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún ara rẹ̀ sí àárín igun mẹ́ta tí ẹsẹ̀ tó kù nílẹ̀ dì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò ṣubú síbi ẹsẹ̀ tó gbé. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kò ní wàhálà yìí. Dúró sórí mẹ́fà. Tí owó bá ṣòro, mọ̀ pé Genghis, róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ṣe ní MIT ní 1989, servo méjì péré ló wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 12 lápapọ̀, ó wúwo tó bí 1 kg, ó sì ń gun orí ohun ìdíwọ́ kọjá. Ohun tí wàá pàdánù ni pé ẹsẹ̀ á máa fà nílẹ̀ díẹ̀ tó bá ń tẹ̀ síwájú, torí kò sí orúnkún tí yóò tún ojú ẹsẹ̀ ṣe.

BàbáWáyà

Àbúrò, kí o tó ronú nípa ẹsẹ̀, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná, torí ibẹ̀ ni èyí tí o kọ yìí yóò ti kọ́kọ́ dá ọ dúró.

LM2596 kò gba ju 3 A lọ. MG996R kan ṣoṣo tó bá há máa ń mu bí 2.5 A ní 6 V. Ìlọ́po 18 jẹ́ 45 A. Lóòótọ́ gbogbo wọn kì í há lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá tí róbọ́ọ̀tì bá ń dìde kúrò nílẹ̀, itan mẹ́fà àti orúnkún mẹ́fà ló ń ti ilẹ̀ pa pọ̀. Ìgbà yẹn ni iná máa ń ya wá bí omi. Èmi máa ń pèsè fún 20 A kí n tó sọ pé ọkàn mi balẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà mi àkọ́kọ́, bí mo bá tan án, yóò dìde dé ìdajì, ó ṣubú, yóò tún dìde, ó tún ṣubú, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wo kóòdù. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kan mo pa iná yàrá nítorí nǹkan mìíràn, mo wá rí i pé iná pupa kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù ọpọlọ ń kú, ó ń jí, gẹ́lẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Àwọn servo ló ń fa iná débi pé fóltì já wálẹ̀, ọpọlọ kú, ó tún ara rẹ̀ tàn, ó tún pàṣẹ pé kí ẹsẹ̀ dìde, fóltì tún já. Kóòdù mi kò ní àlébù kankan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ọpọlọ àti servo mu iná láti orísun kan náà. Fún ọpọlọ ní ẹ̀rọ aṣẹ́fóltì kékeré tirẹ̀, 5 V, láti ara bátìrì tààrà. LM2596 rẹ yẹn tó fún ìyẹn. Fún servo, wá mẹ́ta tó lè gbé 10 A níkọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ ẹsẹ̀ méjì. So gbogbo wáyà nẹ́gẹ́tíìfù pọ̀ síbì kan, torí tí èyí bá yàtọ̀ síra, servo kò ní gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń sọ.

Bátìrì rẹ tó. Tí 25C bá wà lára 2200 mAh (ìyẹn 2.2 Ah ní ìlọ́po 25), 55 A ló lè gbé. Tí róbọ́ọ̀tì bá ń mu 8 A nígbà ìrìn, tí o sì fi ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ sínú bátìrì, ìṣẹ́jú 13 ni wàá fi rìn. Má jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kankan lọ sísàlẹ̀ ju 3.5 V lọ. Ra àgogo kékeré tó ń ké nígbà tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, kí o so ó mọ́ wáyà bálánsì rẹ̀. Fi fíúsì sẹ́nu bátìrì, kí o sì lo ìsopọ̀ bátìrì tó ń jẹ́ XT60. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ta àwọn bọ́ọ̀dù ìdánwò kò gbọ́dọ̀ gbé iná servo rárá.

Ohun kan tún kù. PCA9685 ní ibi tí wọ́n ní kí o de iná servo mọ́. Ọ̀nà bàbà tó wà lójú bọ́ọ̀dù yẹn tín-ín-rín, kò lè gbé iná ẹsẹ̀ mẹ́fà. Jẹ́ kí wáyà àmì nìkan ti ara rẹ̀ jáde, kí pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù servo wá láti ojú irin tí o dá ṣe.

AláǹtakùnIrin

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Ẹsẹ̀Mẹ́rin. Mo ti ń rò ó pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè méjì. Bàbá, kí ló dé tí n kò fi lè so ẹ̀rọ aṣẹ́fóltì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n di 30 A fún gbogbo ara? Èkejì, kí ló dé tí n kò fi gbé bátìrì 7.4 V sórí servo tààrà, kí n yọ aṣẹ́fóltì kúrò pátápátá?

BàbáWáyà

Wọn kì í ṣe ọgbọọgba. Ọ̀kan á máa gbé 6.02 V jáde, èkejì 5.95 V. Èyí tó ga jù á ru gbogbo ẹrù títí tí yóò fi dé òpin agbára rẹ̀, àwọn yòókù á máa wò ó. Tó bá gbóná jù tó sì pa ara rẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gba ẹrù náà lójijì. Yà wọ́n sọ́tọ̀, kí pọ́sítíìfù wọn má kan ara wọn.

Ibi tí o ti lè jèrè ni ẹsẹ̀ tí o bá so pọ̀ mọ́ra. Má ṣe kó ẹsẹ̀ méjì tó máa ń tẹlẹ̀ pa pọ̀ sábẹ́ aṣẹ́fóltì kan. Mú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ń tẹlẹ̀ ṣáájú, mú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ń tẹlẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ọ̀kan bá ń ru ẹrù, èkejì wà lókè. Ìgbà ìdìde nìkan ni àwọn méjèèjì yóò jọ fa iná.

Ní ti ìbéèrè kejì, 7.4 ni wọ́n kọ sára bátìrì, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, 8.4 V ni. MG996R kò gbà ju 7.2 V lọ. Àwọn servo wà tí wọ́n ṣe fún fóltì gíga, tó ń gba 8.4 V, èmi yóò sì fẹ́ kí o ra irú wọn tí agbára rẹ bá ká a. O kò ní nílò aṣẹ́fóltì fún servo mọ́, ohun tó lè bàjẹ́ á dín kù.

Ẹsẹ̀Mẹ́rin

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí ó sáré lọ ra servo ńlá. Servo ńlá wúwo, ó ń fẹ́ bátìrì ńlá, bátìrì ńlá tún wúwo, itan á tún béèrè fún agbára sí i. Mo ti bá a yí bẹ́ẹ̀ rí títí róbọ́ọ̀tì mi fi di 4 kg, tó kàn ń dúró síbẹ̀ tó ń gbóná. Kí ó kọ́kọ́ bọ́ ìwúwo kúrò lára rẹ̀.

Kí ó sì ra servo mẹ́ta péré ná. Ẹsẹ̀ kan. Kí ó kàn án mọ́ pákó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ òṣùwọ̀n, kí ó máa pàṣẹ fún itan pé kó máa ti ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òṣùwọ̀n á sọ òtítọ́ fún un, torí kì í ṣe gbogbo servo tó ń jẹ́ MG996R ló ní agbára tí wọ́n kọ sínú ìwé.

BàbáWáyà

Ní ti ẹsẹ̀ kan yẹn, mo gbà. Kí ó fi mítà sí ojú wáyà servo pẹ̀lú, kí a mọ iye tó ń mu.

Aṣẹ̀dáPàátì

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ara róbọ́ọ̀tì.

PLA máa ń rọ̀ ní nǹkan bí 60 °C. Servo itan tó ń ṣiṣẹ́ kára lè gbóná dé ibẹ̀, ihò síkúrúù tó dì í mú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Wàá kàn rí i pé ẹsẹ̀ ń mì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, o ò sì ní mọ ìdí. Fi PETG, ike mìíràn, tẹ gbogbo ibi tó bá fara kan servo. Òun máa ń dúró dé nǹkan bí 80 °C. Àárín ara lè jẹ́ PLA.

Ohun tí mo rí lára ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí àwọn èèyàn ń yà ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni itan ti di servo mú, níbi apá tó ń yí. Gbogbo ìwúwo á wá máa tẹ ọ̀pá kékeré yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ya egungun itan ní ewé méjì, ọ̀kan síbi apá servo, ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kí o sì fi bearing kékeré (òrùka irin tó ń yí wẹ́rẹ́) àti síkúrúù 3 mm gbé ti ẹ̀yìn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn tí o bá fọwọ́ mi ẹsẹ̀ náà.

Kí o tó de apá mọ́ servo, kọ́kọ́ rán àmì 1500 µs sí i kí ó lọ sí àárín. Eyín 25 ló wà lórí MG996R, eyín kan sí èkejì jẹ́ 14.4°. Tí o bá dè é láìjẹ́ pé ó wà láàárín, ẹsẹ̀ rẹ lè wọ́ ní iye yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, o sì máa tú gbogbo rẹ̀ ni.

KóòdùLóru

Àfikún tèmi lórí ọpọlọ àti rimóòtù.

PCA9685 kan ní ojú 16. Servo rẹ jẹ́ 18. Bọ́ọ̀dù méjì lo nílò, wọ́n á sì jọ lo wáyà méjì kan náà. 0x40 ni àdírẹ́sì àwọn méjèèjì láti ilé iṣẹ́ wọn. Fi lẹ́ẹ̀dì jó ojú A0 pọ̀ lórí ọ̀kan kí ó di 0x41. Ẹsẹ̀ mẹ́ta sórí bọ́ọ̀dù kan, mẹ́ta sórí èkejì, ojú mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ìgbésẹ̀ tó kéré jù tí bọ́ọ̀dù yìí lè ṣe ní 50 Hz jẹ́ bí 4.9 µs, ìyẹn sì jẹ́ bí 0.44° lára servo. Tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá wà ní 17 cm sí ìbàdí, 1.3 mm péré nìyẹn nílẹ̀. Kò sí ìṣòro níbẹ̀.

Uno ni mo ní iyèméjì lé lórí. RAM rẹ̀, ibi tó ń rántí nǹkan sí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 2 KB. Wàá máa ṣírò igun oríkèé 18 ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú sine àti cosine. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan ti ṣe é, ṣùgbọ́n ojú serial (ibi tó ti ń bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀) kan ṣoṣo tó ní, USB ló ń lò ó. Ibo ni wàá wá so receiver, ẹ̀rọ tó ń gba àmì rimóòtù, mọ́ tí wàá sì tún máa rí ohun tí róbọ́ọ̀tì ń sọ lójú kọ̀ǹpútà? Mú ESP32, bọ́ọ̀dù ọpọlọ mìíràn. Ojú serial mẹ́ta ló ní, 240 MHz ló fi ń sáré, ó sì kéré. 3.3 V ló ń sọ, nítorí náà 3.3 V ni kí o fún ojú VCC (ojú iná ọpọlọ) àwọn PCA9685.

Rimóòtù FS-i6 tó. Ojú mẹ́fà ló ní: síwájú sẹ́yìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́, yíyí padà, gíga ara, irú ìrìn, àti títan-án pípa-á. Tí receiver rẹ bá jẹ́ FS-iA6B, má ṣe so wáyà mẹ́fà. Ó ní ojú iBus tó ń kó gbogbo rẹ̀ gba wáyà kan ní 115200 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan rèé. Ṣètò failsafe kí o tó jẹ́ kí ó rìn ìgbésẹ̀ kan. Tí rimóòtù bá kú, kí róbọ́ọ̀tì dá ìrìn dúró ṣùgbọ́n kí ó ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí o bá kàn gé àmì servo, gbogbo ara á já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì ló sì wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀.

AláǹtakùnIrin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò kọ nǹkan, ẹsẹ̀ kan ni mo ń tò.

Mo kàn án mọ́ pákó bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, mo gbé òṣùwọ̀n sábẹ́ rẹ̀. Pẹ̀lú itan 8 cm, ó ti òṣùwọ̀n dé 600 g wọ́ọ́rọ́wọ́, mítà ń sọ nǹkan bí 1 A. Nígbà tó dé 1 kg, servo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ojúgun ń gbọ̀n, mítà ń sọ 1.7 A. Mo fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, n kò lè fi ìka mi lé ara servo mọ́. Mo tún tì í sí i láti mọ òpin rẹ̀: 1150 g ni, ó há síbẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 9.2 kg·cm, kì í ṣe 11.

Mo tún itan mìíràn tẹ̀, 5.5 cm. Lórí 1 kg, ó dákẹ́, 1.1 A, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ kò gbé sókè tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹsẹ̀Mẹ́rin

Iṣẹ́ tó dára lo ṣe yìí. Ohun tí o rí yẹn ni ohun tí a máa ń san fún itan kúkúrú. Tí itan bá gbé sókè ní 45°, 8 cm á fún ọ ní bí 5.7 cm lókè, 5.5 cm á fún ọ ní bí 3.9. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, 3.9 tó. Tí o bá fẹ́ kí ó gun orí ìwé tàbí etí kápẹ́ẹ̀tì, yóò máa kọsẹ̀.

Àti pé 5.5 nínú 9.2 ṣì ju ìdajì lọ. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ Bàbá, mo sì gbà pé wọ́n ní ìdí, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo oríkèé. Fi servo onígíà irin tó ní 20 kg·cm sí itan nìkan, mẹ́fà péré. Irú rẹ̀ tí mo ní jẹ́ 60 g, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní 6 V, nítorí náà 30 g péré ni wàá fi kún gbogbo ara. Ìbàdí àti orúnkún, fi MG996R sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà náà itan lè gùn tó 6.5 cm: 6.5 kg·cm nínú 20, ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Wàá sì rí bí 4.6 cm gbé sókè.

BàbáWáyà

Èyí dára ju tèmi lọ. Ṣe bẹ́ẹ̀.

AláǹtakùnIrin

Mo ti rà wọ́n o. Servo itan mẹ́fà oní-20 kg·cm, MG996R 12, ESP32, PCA9685 méjì, aṣẹ́fóltì 10 A mẹ́ta, kékeré kan fún ọpọlọ, fíúsì, XT60. Itan jẹ́ 6.5 cm. PETG ni gbogbo ẹsẹ̀. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kí n tó de bátìrì mọ́ ọn: 2.03 kg. Pẹ̀lú bátìrì, 2.15.

Ọ̀la ni mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ dìde. Kí ni kí n ṣọ́?

KóòdùLóru

Gbé e lé orí páálí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa rọ̀ láìkan ilẹ̀. Kóòdù rẹ kò mọ ibi tí servo wà nígbà tí o bá tan án. Àmì àkọ́kọ́ tí servo bá gbà ló máa sáré lọ bá. Tí 18 bá sáré lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ á gbá ara wọn, iná á sì já wálẹ̀. Jẹ́ kí kóòdù jí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó fi bí 100 ms sáàárín. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti dákẹ́, kí ó wá máa na ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà, pa rimóòtù nígbà tó ṣì wà lórí páálí, kí o wo ohun tí yóò ṣe.

BàbáWáyà

Má gbẹ́kẹ̀ lé mítà fún fóltì lọ́la. Ó ń lọ́ra, ìjáwálẹ̀ tó bá gba ìdá kékeré ìṣẹ́jú àáyá kò ní hàn lójú rẹ̀. Fi rẹ́sítọ̀ 10 kΩ àti 4.7 kΩ pín fóltì servo wá sí ojú kan lára ESP32, kí ó máa kọ èyí tó kéré jù sílẹ̀. Tó bá lọ sísàlẹ̀ 5 V, dá a dúró, wá wáyà tó nípọn sí i.

AláǹtakùnIrin

Ó dìde.

Mo gbé e lé páálí, mo jí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ kẹrin yí sí ìdàkejì, mo ti kọ àmì rẹ̀ ní òdìkejì nínú kóòdù, mo tún un ṣe. Mo pa rimóòtù, ó dúró bó ṣe wà. Mo wá gbé e sílẹ̀, mo sì tì í kí ó dìde. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ láìgbọ̀n. Fóltì tó kéré jù tí ESP32 kọ sílẹ̀ jẹ́ 5.68. Mo fi ìka kan gbogbo servo itan lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, mo fi síbẹ̀ láìyọ ọ́ kúrò.

Ó rin ìgbésẹ̀ mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n lórí táìlì, ẹsẹ̀ ń yọ̀, pàápàá ẹsẹ̀ àárín, ara rẹ̀ sì ń yà sápá òsì tó bá ń lọ síwájú.

Aṣẹ̀dáPàátì

A kú oríire o! PETG lásán lórí táìlì kò lè di ilẹ̀ mú. Gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ní róbótó róbótó, lẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi bébà líle ha ojú rọ́bà náà kí o tó lẹ̀ ẹ́, kí gúlú lè mú un. Yíyà sápá òsì yẹn, wo bóyá yóò dúró lẹ́yìn rọ́bà kí o tó fọwọ́ kan kóòdù.

AláǹtakùnIrin

Rọ́bà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò yọ̀ mọ́. Ó ṣì ń yà díẹ̀, bí 5 cm nínú mítà kan. Mo wọn ojúgun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ti àárín lápá òsì kúrú sí àwọn yòókù ní 2 mm. Mo ti ń tẹ òmíràn lọ́wọ́ báyìí.